Ihò nínú egungun ajá: ẹ má tíì sọ̀rètí nù

Ọ̀rọ̀ ajá la bá dé lónìí.

Ká ní ẹ ní Doberman ọmọ oṣù 10. Ó ń tiro, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì wú díẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ẹran ya ẹ́síréè, ó rí ihò nínú egungun. Kíá, ọkàn yín á lọ sórí jẹjẹrẹ. Ẹ ò jẹ̀bi, torí ibẹ̀ wà lára ibi tí jẹjẹrẹ egungun ti máa ń mú ajá ńlá.

Àmọ́ ó lè jẹ́ àpò omi lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní bone cyst. Kò wọ́pọ̀, ajá ńlá tí kò tíì dàgbà tán ló sábà máa ń mú.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Dókítà á la egungun náà, á fa omi inú rẹ̀ jáde, á ha ara ihò náà mọ́. Á wá bu egungun rírọ̀ láti ìbàdí tàbí èjìká ajá náà fúnra rẹ̀, á fi dí ihò náà kí egungun tuntun lè hù. Bí egungun bá ti ṣẹ́, wọ́n á fi irin dè é.

Èyí tí wọ́n ha kúrò ńkọ́? Ilé àyẹ̀wò ló ń lọ, torí ẹ́síréè nìkan kò lè fi dáni lójú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dábàá abẹ́rẹ́ tí ajá kì í jí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: “Ṣé ẹ ti gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò?”