Ohun Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Madras Rí

 

Ọ̀rọ̀ èdè abínibí ni mo bá wá, ṣùgbọ́n gúúsù ilẹ̀ Íńdíà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ wá, lọ́dọ̀ àwọn Tamil.

Ní 1937, C. Rajagopalachari, olórí ìjọba Madras, ọmọ Tamil fúnra rẹ̀, pàṣẹ pé kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ èdè Híńdì ní dandan. E. V. Ramasamy, tí wọ́n ń pè ní Periyar, wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wẹ̀wọ̀n. Natarajan àti Thalamuthu kú sẹ́nu rẹ̀ ní 1939. Ní 1940, ìjọba fagi lé àṣẹ náà.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1950 fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 15 péré nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Híńdì. Òfin 1963 wá sọ pé Gẹ̀ẹ́sì "lè" máa bá a lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ní òun lè san gbèsè, ṣé ó ní òun yóò san án?

Kì í ṣe ìgbéraga lásán ló ń dùn wọ́n. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó mu Híńdì pọ̀ mọ́ ọmú ìyá àti ọmọ Tamil tó kọ́ ọ ní kíláàsì jọ jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba. Ta ni yóò borí?

Ní oṣù kìíní 1965, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Madurai àti Madras tú sígboro. Ìjọba pàápàá gbà pé nǹkan bí 70 ènìyàn ló kú. Lal Bahadur Shastri, olórí ìjọba Íńdíà, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ṣèlérí pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní kúrò. Ní 1967, ẹgbẹ́ DMK ti Annadurai gba ìjọba Madras. Ní 1968, wọ́n fi Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 1969, ìpínlẹ̀ náà di Tamil Nadu, ilẹ̀ àwọn Tamil.

Ẹ wò ó dáadáa: wọn ò lé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n sì fún Tamil níṣẹ́ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì, nínú sinimá àti nínú ìṣèlú. Èdè tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwúre nìkan ni wọ́n ń rántí ẹ̀ fún.

Àwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé ká má sọ Yorùbá fọ́mọ wa. Àwa fúnra wa la ń ṣe é, nínú pálọ̀ wa. Tí a bá délé lónìí, ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé, ká sì dúró gbọ́ ọ ní Yorùbá.