Ibi Tí Kátálíìsì Jókòó Sí

Ẹ̀yin ọmọ mi, òní lẹ ń jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ràn ti pọ̀ látàárọ̀. Èmi olùkọ́ kẹ́mísìrì, iṣẹ́ mi náà ni n óò bá yín sọ.

Ẹ mọ oko rọ́bà Aráròmí-Obù. Oje funfun tó ń kán sínú ife níbẹ̀ jọ wàrà, àmọ́ rọ́bà inú rẹ̀ kò yọ́ mọ́ omi. Hóró kéékèèké tójú kò lè rí ni: rọ́bà tí kì í bá omi rẹ́ wà ní àárín, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá omi rẹ́ sì bò ó. Ẹ kán ásíìdì sí i, gbogbo rẹ̀ a dì lójú yín. Ara awọ yẹn ni ẹ́ńsáìmù tó ń so rọ́bà gùn jókòó sí; ẹ́ńsáìmù yìí ni kátálíìsì igi rọ́bà, ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá. Igi yẹn kò sì kọ WAEC o!

Àwa èèyàn náà ní kátálíìsì tiwa: ní 1953, Karl Ziegler ní Jámánì rí kátálíìsì tó ń so gáàsì ethylene di ike láìfi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́. Giulio Natta ará Ítálì tẹ̀ síwájú níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Irú kátálíìsì bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì àti àpò ìrẹsì tí ẹ ń rí ní gáréèjì Òrè.

Kátálíìsì tó dé lẹ́yìn ìyẹn, metallocene, a máa yọ́ sínú èròjà olómi. Bí kò bá ríbi jókòó, ike rẹ̀ a rí játijàti, a lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lé silica, èròjà inú iyanrìn. Ní ilé ìwádìí Max Planck tó wà ní Mainz ní Jámánì, wọ́n gbé e lé hóró latex, ìyẹn hóró kéékèèké bíi ti inú oje rọ́bà. Àwọn mìíràn lo micelle: okùn pólímà tí apá rẹ̀ kan fẹ́ràn ohun tí a dà á sí, tí ìkejì ń sá fún un, wọ́n á fúnra wọn ṣùpọ̀, ẹnikẹ́ni kò tò wọ́n. Ṣùgbọ́n omi ń ba kátálíìsì yìí jẹ́, nítorí náà inú toluene, èròjà olómi mìíràn, ni wọ́n ti ń ṣe é, apá tí kò fẹ́ toluene a sì sá pamọ́ sí àárín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí yunifásítì, ní Òkìtìpupa tàbí FUTA, ẹ bá mi gbé ìbéèrè yìí lọ: báwo la ṣe lè yọ omi inú oje Aráròmí, kí hóró rẹ̀ má dì, kó lè gbé kátálíìsì? Ẹni tó bá rí i ṣe, kó pè mí, ì báà jẹ́ lóru. Ẹni tí bíkà mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà kó tó wọkọ̀.