Eku Tí Wọ́n Kọ "Sátánì" Sára Àgò Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ eku ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ láti fo ètò yìí kọjá. Ẹ fara balẹ̀ ná. Kì í ṣe eku tó ń wọ inú gààrí yín, tó ń gé wáyà ṣájà yín, ni mò ń sọ. Eku funfun ni, ti inú àgò, irú èyí tí wọ́n ń sìn ní yunifásítì kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dán oògùn wò. Ọdún tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ni mo mọ̀ wọ́n dáadáa, ohun tí wọ́n sì kọ́ mi kò sí nínú ìwé tí mo kọ fún dìgírì.

Ilé eku tiwa wà lẹ́yìn ẹ̀ka ìmọ̀ wa. Ilé pẹlẹbẹ ni, páànù ni wọ́n fi bò ó. Tí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, òórùn ìtọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Àgò jókòó lórí àgò, èérún pákó wà nísàlẹ̀ wọn, ìgò omi so mọ́ wọn lára. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú wọn. Bàbá Eléku la máa ń pè wọ́n, wọn kì í sì í bínú sí i.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Eku ogún ni mo fẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá ti mú, kò sí wàhálà."

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Èyíkéyìí kẹ̀? Ṣé èyíkéyìí ni wọ́n mú nígbà tí wọ́n ń gbà ọ́ wọ yunifásítì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, eku ni eku ń jẹ́. Ẹ sì máa rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Wistar ni orúkọ ìran eku yìí. Ọdún 1906 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Wistar Institute, nílùú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń wá ni eku tí gbogbo wọn jọra, kí ẹni tó ń ṣèwádìí ní Ìbàdàn àti ẹni tó ń ṣe é ní Tókíò lè máa sọ̀rọ̀ nípa ẹranko kan náà. Irun funfun, ojú pupa, ìrù gígùn. Tí ẹ bá kó mẹ́wàá jọ, ẹ ò ní mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Máákà la fi ń fa ìlà sí wọn nírù ká tó lè dá wọn mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò wo ìlà mọ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni Amẹ́bọ. Kò sí ẹni tó máa wọlé tí Amẹ́bọ ò ní dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, á di irin àgò mú, imú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ wìrìwìrì. Ó fẹ́ mọ ẹni tó wọlé, ohun tó gbé lọ́wọ́, àti ìgbà tó máa jáde. Lándíláàdì tẹ̀ lé e. Akọ eku ńlá ni, orí oúnjẹ ló máa ń sùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun á kọ́kọ́ yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi imú ti ìdè ilẹ̀kùn sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta la bá a nílẹ̀ ní àárọ̀, kò sá jìnnà, ó kàn ń rìn kiri bí ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò ilé. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, abẹ́ èérún pákó ló ń gbé. Tí ẹ bá ṣí àgò, òkìtì kékeré kan lẹ máa rí tó ń gbọ̀n.

Àgò kan náà, oúnjẹ kan náà, ìran kan náà. Ìka ọwọ́ sì rèé, kò dọ́gba.

Mo rò pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń fi wọ́n ṣe àwàdà ni, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí rẹ̀. Onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Jaak Panksepp. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní Ohio, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìka ta àwọn ọmọ eku lẹ́yìn ọrùn àti níkùn, bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé kí ó lè rẹ́rìn-ín. Àwọn eku náà ń ké, ìró rẹ̀ sì ga tó 50 kìlóhátísì. Etí àwa èèyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20 lọ, nítorí náà ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ìró yìí kan náà ni ọmọ eku ń ké tí wọ́n bá ń bára wọn ṣeré. Àwọn kan ń ké gan-an, wọ́n á tún máa sáré tẹ̀ lé ọwọ́ náà kó tún ta wọ́n. Àwọn kan ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lè ti ara òbí bọ́ sára ọmọ, torí wọ́n ṣa àwọn tó ń ké jù jọ, wọ́n jẹ́ kí wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì di alárìnyànjiyàn ẹ̀rín bíi ti òbí wọn.

Ní ọdún 2011, ní Yunifásítì Chicago, wọ́n ti eku kan mọ́ inú túùbù tóóró. Ìta nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n fi eku kejì sílẹ̀ lómìnira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Nínú 30 tí wọ́n dán wò, 23 ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn náà láti tú èkejì wọn sílẹ̀. Ó tún ku méje tí kò ṣí i. Ṣé ẹ rí i? Èèyàn dáadáa wà láàárín eku, "kò kàn mí" náà sì wà láàárín wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yàtọ̀ báyìí? Apá kan ẹ̀jẹ̀ ni. Apá kejì, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá, mo sì fi ojú mi rí i.

Eku ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 22. Àwọn ọmọ máa ń wá láìnírun, wọ́n á pupa, ojú wọn á dì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá kan wà nínú àgò ìbímọ wa, bí ó bá ti bí báyìí, iṣẹ́ lílá ló kù. Á la èyí, á la tọ̀hún, látorí dé ìrù. Ìyá kejì wà tí a ń pè ní Sísí. Sísí á fún wọn lọ́mú o, kò fi ebi pa ẹnì kankan, ṣùgbọ́n tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ó ti lọ jókòó sí ìkángun àgò. Tí àwọn ọmọ Sísí bá dàgbà, ẹ̀rù ni. Ẹ kọ́ ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti kó jọ sí igun kan.

Michael Meaney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McGill, ní Montreal, ti tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1997. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lá dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rù kì í tètè gbé e mì tó bá dàgbà. Ẹnì kan lè ní ìwà ìyá náà ló jogún. Wọ́n ronú kan ìyẹn náà. Ní ọdún 1999, wọ́n tẹ èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ jáde: wọ́n gbé ọmọ ìyá tí kì í lá ọmọ fún ìyá tó ń lá ọmọ. Ọmọ náà dàgbà di onígboyà. Nígbà tí òun náà bímọ, ó ń lá ọmọ tirẹ̀.

Bàbá Eléku ò ka ìwé yẹn rí. Ṣùgbọ́n tí ìyá kan bá bí 14, tí ọmú 12 péré wà láyà rẹ̀, Bàbá á mú ọmọ méjì, á fi èérún pákó inú àgò ìyá mìíràn pa wọ́n lára kí òórùn wọn lè jọ ti ọmọ rẹ̀, á gbé wọn fún un. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í gbé e fún Sísí. Wọ́n ní, "Ọmọ ò kàn ń mu ọmú nìkan, ọmọ mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́. Ewé kan tí àwọn àgbà ń lò fún àtọ̀gbẹ ni mo fẹ́ dán wò. Mo pín eku ogún mi sí ọ̀nà méjì: mẹ́wàá á mu ewé, mẹ́wàá á mu omi lásán. Báwo ni mo ṣe pín wọn? Mo kàn ki ọwọ́ bọ àgò. Mẹ́wàá tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ewé. Mẹ́wàá tó kù, omi.

Mo wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo gbé ìwé náà lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Màmá náà wo nọ́ńbà náà, wọ́n yọ gíláàsì wọn.

"Kí ló dé tí ṣúgà àwọn ti omi fi ga ju ti ewé lọ, nígbà tí o ò tíì fún wọn ní ewé?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Báwo lo ṣe pín wọn?"

"Bí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ta ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ síni lọ́wọ́? Amẹ́bọ ni, àti àwọn bíi tirẹ̀. Ta ló máa kẹ́yìn? Jẹ́jẹ́ àti àwọn ọmọ Sísí, tí mo ti lé káàkiri àgò kí n tó mú wọn. Ìbẹ̀rù sì máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ká ní Màmá ò béèrè, mi ò bá jáde wá sọ fáyé pé ewé mi ń wo àtọ̀gbẹ, kó sì jẹ́ pé onígboyà àti ojo ni mo pín sọ́tọ̀. Ẹnì kan nílé ibì kan ì bá sì gbọ́, kó lọ pa oògùn ilé ìwòsàn rẹ̀ tì. A ṣẹ́ kèké, a tún wọn pín, a jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, a tún un bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ti Sátánì.

Àwọn tó ṣáájú wa ló fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sára àgò rẹ̀: SÁTÁNÌ. Abo eku ni, ó sì ń bunijẹ lóòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú un á wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn, á há eyín, á fa ìrù rẹ̀ kíá. Òun náà á bu ẹni náà jẹ. Ẹni náà á pariwo, "Ẹ ò rí i! Sátánì ni!"

Lọ́jọ́ kan, Bàbá mú àkísà, wọ́n nu orúkọ yẹn kúrò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ àyàfi àwọn. Láràárọ̀, wọ́n á ṣí àgò, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà kan ṣoṣo, wọn ò ní mú un, wọn ò ní lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń jẹ ẹ̀pà náà lórí ọwọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kejì, èmi náà mú un láìsí ìbọ̀wọ́. Kò di Amẹ́bọ o, mi ò ní purọ́. Ó ṣì máa ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò bu mí jẹ.

Ó wá yé mi ìdí tí iṣẹ́ tí Robert Rosenthal àti Kermit Fode tẹ̀ jáde ní ọdún 1963 fi gbajúmọ̀. Wọ́n pín eku fún akẹ́kọ̀ọ́ 12, márùn-ún márùn-ún. Wọ́n sọ fún ìdajì wọn pé ìran eku ọlọ́pọlọ ni tiwọn, wọ́n sọ fún ìdajì kejì pé ìran olódo ni. Irọ́ ni. Eku kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ ló tètè mọ ọ̀nà jù. Nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, àwọn tó gbà pé eku ọlọ́pọlọ ló wà lọ́wọ́ wọn sọ pé àwọn ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Nígbà tó yá, Rosenthal gbé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwé ọmọdé. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí agbára rẹ̀ ṣe tó lára èèyàn, ṣùgbọ́n èmi ò lè gbàgbé ti eku yẹn.

Torí mo ní àbúrò ọkùnrin. Nílé wa, "Olódo" là ń pè é. Àwàdà ni. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìwádìí yẹn, mo pè é lórí fóònù. Mo ní kó má bínú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí? Ṣé ẹ ti mutí ni?" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé torí ẹ̀ ni mi ò ṣe tún ìdánwò ìṣirò yẹn ṣe? Mo ní olódo ṣáà ni mí."

Ó tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò di ọ̀gá onímọ̀ ìṣirò o. Ó kàn yege.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí nípa eku ogún mi. Wọ́n kú. Bí irú iṣẹ́ yẹn ṣe máa ń parí nìyẹn: a fún wọn ní oògùn oorun, a gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo ṣí àgò, Amẹ́bọ dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó di irin mú, ó fẹ́ mọ ohun tí mo gbé lọ́wọ́. Bàbá Eléku ti lọ dúró síta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mú un. Ó kéré jù, ó yẹ kí ẹni tó máa kú fún ìmọ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ̀.

Àwọn àgbà ní orúkọ ń roni. Ẹ wo ara àgò àwọn tó yí yín ká, ọmọ yín, àbúrò yín, ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Kí lẹ kọ síbẹ̀? Tí máákà náà bá jẹ́ tiyín, ẹ wá àkísà.

Tí ẹnì kan bá kọ orúkọ kan sára tiyín náà rí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, mo fẹ́ gbọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.