Bàálù Ajubọ́ǹbù Tó Ń Gbàṣẹ Láti Ilẹ̀

(Ìró ẹ́ńjìnnì mẹ́rin. Kó ròkè, kó wá rọlẹ̀.)

Bàálù tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Orí koríko ni awakọ̀ rẹ̀ dúró sí, rìmóòtù lọ́wọ́, ó gbójú sókè.

Àwòṣe Lancaster ni, bàálù ajubọ́ǹbù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ja Jámánì lóru nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ bàtà 102 ni ti gidi. Ẹni tó bá ṣe é ní ìdá kan nínú márùn-ún, apá tirẹ̀ á lé ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Yàrá wo ló fẹ́ gbà á? Wọ́n á ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá tò ó pọ̀ ní pápá. Pákó balsa tó fúyẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Oníṣẹ́ á máa fi sáńpépà ha á, á máa fọwọ́ wá ibi tó wú.

Ẹ má pè é ní ohun ìṣeré o! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá ti wúwo ju kílò 25 lọ, àfi kó gba àṣẹ kó tó fò. Àwọn aṣàyẹ̀wò láti Large Model Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwòṣe ńlá, á ti máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbà tó wà lórí tábìlì.

Lára àwọn tó fi bàálù gidi ja ogun yẹn, ó lẹ́nì kan tí mo fẹ́ sọ fún yín. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, bá wọn fò nínú Halifax, bàálù ajubọ́ǹbù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin bíi Lancaster, ní ẹgbẹ́ 76 ti RAF, iléeṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorkshire ni wọ́n ti ń gbéra. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára bàálù náà pé kí ọ̀tá ṣọ́ra, Ọmọ Ọba Adúláwọ̀ nìyí. Wọ́n mà fi èdè Jámánì kún un, kó lè yé ẹni tí wọ́n ń bá wí! Àwa tí a ń jẹ́ irú orúkọ tó ń jẹ́, ǹjẹ́ wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ nílé ìwé?

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú títóbi àwọn àwòṣe yìí ni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á hàn lára wọn. Bàálù tó bá kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ta ni yóò rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára? Ṣùgbọ́n èyí tó ga ju ọmọdé lọ, ọmọ á kà á, á sì bi bàbá rẹ̀ pé ta ni Ọmọ Ọba ọ̀hún.

Mo ṣì fẹ́ mú yín dé Cosford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti kó irú àwọn àwòṣe ńlá yìí jọ rí, àmọ́ aago ti lù. Ìròyìn ló kàn.