Níbo Ni A Ó Ti Jẹun Ìyálẹ̀ta?

   Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu tí a fi ń jẹun ni.

Ẹ bá mi wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ní kùtùkùtù ni a ń jí. Ní ọ̀sán gangan ni oòrùn ń kan àtàrí. Àkókò kan wà láàárín méjèèjì, nígbà tí oòrùn ti gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì dé àárín ọ̀run, láti bí i aago mẹ́sàn-án títí dé aago mọ́kànlá. Ìyálẹ̀ta ni àwọn baba wa ń pè é. Oúnjẹ tí a bá jẹ ní àkókò náà pẹ́ jù fún oúnjẹ àárọ̀, ó sì yá jù fún oúnjẹ ọ̀sán. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ìlú Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ìgbà náà gan-an ni abọ́ ń dún jù.

Kí ló fà á? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Awakọ̀ ti jáde nílé láti aago márùn-ún ìdájí. Alápatà ti pa ẹran, ó ti kun ún, ó ti kó o dé ọjà. Alábàárù ti ru ẹrù bí i mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ti dúró nídìí ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Bí wọ́n tilẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná kí wọ́n tó jáde, kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ̀kọ ti dá nínú wọn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ mú yín dé ibi mẹ́ta tí èmi fúnra mi fẹ́ràn láti jẹun ìyálẹ̀ta ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni n ó wá mú yín dé ibì kẹrin. Nítorí ibì kẹrin náà ni mo ṣe wá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ibì kìn-ín-ní ni Ọjà Ọba, nítòsí òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 ti ń wo ìlú láti òkè. Ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín, ni mo máa ń jẹ níbẹ̀. Ẹ má wá tábìlì, ẹ má sì wá àga alátìlẹ́yìn. Bẹ́ǹṣì kan ni ẹ ó bá, tí ènìyàn mẹ́rin ti jókòó lé lórí, wọn yóò sì sún fún yín. Ẹ kí ìyá olóńjẹ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá.” Ẹni tí kò bá kí i lè jókòó títí kí ó tó rí i. Bí ẹ bá ti gba ẹ̀kọ, ẹ rọra tú ewé rẹ̀. Òórùn ewé náà ti wọ ara ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ inú abọ́ kò lè ní irú rẹ̀. Àgbàdo inú ẹ̀kọ ń fún wa lágbára, ẹ̀wà inú ọ̀lẹ̀lẹ̀ sì ń mú ara dàgbà. Àwọn ìyá wa ti so méjèèjì pọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé.

Ibì kejì ni Dùgbẹ̀, ní agbègbè Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ sí, búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn ni mo sì fẹ́ràn níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀wà yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, láti apá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Àgànyìn. Wọ́n á se ẹ̀wà náà títí yóò fi rọ̀ tí ahọ́n nìkan fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọ́n á wá fi epo pupa dín ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà títí ata náà yóò fi dúdú. Ẹ ó rí òṣìṣẹ́ tó so táì mọ́rùn, yóò fi ọwọ́ òsì gbé táì náà sẹ́yìn èjìká kí epo má bàa tọ́ ọ wò, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún ki búrẹ́dì bọ ẹ̀wà. Bí ó bá padà dé ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tó bá mú ìwé wá fún un yóò rí i pé ojú rẹ̀ ti là.

Ibì kẹta ni Bódìjà. Àmàlà ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ń pè é ní ọkà, àwọn ará Ìbàdàn kò sì gbà pé ìlú mìíràn mọ̀ ọ́n rò bí tiwọn. Ibì kan wà ní Bódìjà tí wọ́n ń pè ní Àmàlà Skye. Ara báńkì kan tó wà nítòsí rẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní 2018, báńkì tó ń jẹ́ Skye kásẹ̀ nílẹ̀, báńkì mìíràn sì gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àmàlà kò yí padà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rí i bí nǹkan ṣe rí: báńkì lọ, àmàlà dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tó wà nínú abọ́ àmàlà kan, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ ẹ́ tí a kò ro iṣẹ́ rẹ̀. Isu ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A ó bó o, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó jẹ́ kí ó sùn sínú omi náà, a ó wá sá a sóòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi gbẹ kanrankanran. Gbodo nìyẹn. A ó lọ gbodo di elùbọ́, a ó kù ú. Ẹni tó ń ro ó yóò gbé omi kaná títí yóò fi hó, yóò da elùbọ́ sí i, yóò sì fi omorogùn rò ó kíákíá kí ó má baà ní kókó. Ewédú ní tirẹ̀, a ó fi ìjábẹ̀ ja á títí yóò fi máa fà. Ẹ̀wà tí a ti bó ni a fi ń se gbẹ̀gìrì. Bí a bá da ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ lé àmàlà, tí a sì bu ọbẹ̀ ata lé e, abùlà dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ògúnfe yóò gba ògúnfe, ẹni tó bá fẹ́ ṣàkì yóò gba ṣàkì, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó yóò gba pọ̀nmọ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn.

Báwo ni àlejò ṣe lè mọ ibi tí oúnjẹ ti dára? Ẹ má wo pátákó orúkọ. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́: ṣé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, tàbí omi àárọ̀ ni ó ṣì wà nínú báàfù? Ẹ wo bóyá wọ́n dé ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ ń dúró sí, nítorí awakọ̀ mọ ibi gbogbo, kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn fa á dé ibi tí ọbẹ̀ kò dùn. Bí ẹ bá rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ wẹ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ jókòó.

Ó di ibì kẹrin. Ibẹ̀ kò ní orúkọ. Àtíbàbà kan ni, páànù ni òrùlé rẹ̀, lẹ́yìn ògiri ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí. Ìyá àgbà kan ló ń ta àmàlà níbẹ̀, èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sì máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré.

Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ nígbà náà. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbórí lé tábìlì nígbà ìṣirò. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sùn ní ọjọ́ Ajé, ó sùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó tún sùn ní Ọjọ́rú, inú bí mi. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní kí ó lọ kúnlẹ̀ síwájú pátákó, kí ó gbé ọwọ́ sókè. Ó kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Mo nu ẹfun kúrò lọ́wọ́ mi, mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá lọ.

Ìyá bu àmàlà mi, ó bu ọbẹ̀ lé e. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìyá, ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó fi kíláàsì ṣe yàrá. Lónìí ni mo jí i dáadáa.”

Ó bi mí pé, “Ọmọ wo nìyẹn, Tíṣà? Ṣé èyí tó ní àpá níwájú orí?”

Mo ní òun ni.

Ìyá gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ yẹn ló ń bá mi pọnmi. Aago márùn-ún ló máa ń dé. Bí mo bá ti ro ọkà àkọ́kọ́, mo máa ń bu tirẹ̀ fún un kí ó tó lọ wọ aṣọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ Ajé ni elùbọ́ ti wọ́n mi, mo sì ń pẹ́ kí n tó dáná. Ó ń pọnmi lọ ni, kò rí nǹkan jẹ. Ọkà tó wà níwájú yín yẹn, omi rẹ̀ ni mo fi rò ó.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi kò lè dé ẹnu. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń mú kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ìṣirò. N kò rántí pé mo kọ́ láti bi í bóyá ó ti jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi, nítorí ìyá tó bí mi ti máa ń bi mí ní ìbéèrè náà lójoojúmọ́ ayé mi.

Mo ní kí Ìyá bu òmíràn, mo sì gbé e lọ fún ọmọ náà lẹ́yìn kíláàsì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Ní ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú kíláàsì, mo sọ fún wọn pé ìyà tí mo fi jẹ ẹgbẹ́ wọn kò tọ́ sí i, àti pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé kò sí èyí tó ti gbọ́ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni àwa olùkọ́ ti fi ẹnu kò. Ẹni tó bá jẹ abọ́ kan lọ́dọ̀ Ìyá yóò fi owó díẹ̀ lé e. Ìyá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹfun tí mo fún un fa ìlà sára pákó àtíbàbà. Bí ìlà bá pé márùn-ún, abọ́ ọmọ kan ti délẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè ìdí tí kò fi jẹun nílé, a kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Ọmọkùnrin náà kò yé pọnmi, nítorí bí ìyá rẹ̀ àti Ìyá ṣe ṣàdéhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun kí ó tó gbé korobá.

Ó ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. N kò ní sọ fún yín pé ó di ọ̀gá nínú ìṣirò, nítorí kò dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sùn mọ́. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó máa ń kí mi dáadáa, láti òdìkejì títì.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó jáde lọ sí ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí nǹkan kàn án lẹ́nu, ìbáà ṣe àkàrà méjì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá ń sùn ní ìyálẹ̀ta, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó nà án. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá mọ ẹni tí ebi ń pa nínú yín, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ rọra sọ fún olùkọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jẹun lóde, ẹ san owó àwọn ìyá olóńjẹ kí ẹ tó dìde. Ẹ má jẹ àwìn lónìí kí ẹ wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́la. Ẹ kò mọ iye ẹnu tó ń wo ìkòkò náà.

Bí ẹ bá wá sí Ìbàdàn, ẹ yà sí Ọjà Ọba, ẹ yà sí Dùgbẹ̀, ẹ yà sí Bódìjà. Oúnjẹ ibẹ̀ yóò dùn mọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé tó wà nítòsí yín níbikíbi tí ẹ bá ń gbé. Ó ṣeé ṣe kí ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ń dáná láti ìdájí, kí ọmọ kan sì máa pọnmi fún un.

Aago ìyálẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ẹ lọ wẹ ọwọ́ yín. Ó dàbọ̀ o.