Àwọ̀n Ara Wáyà àti Ilẹ̀

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ariwo tí ń kùn bí oyin nígbà tí wọ́n bá tan áńpílífáyà ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ wáyà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iná ilé ní Nàìjíríà a máa lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára rẹ̀ a máa ràn dé ara wáyà ohùn tí ó wà nítòsí, bí wọn kò tilẹ̀ fara kan ara wọn.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi àwọ̀n bàbà yí wáyà ohùn ká. Ní London, ní 1836, Michael Faraday fi yàrá kan tí ó fi mẹ́táàlì bò hàn pé iná tí ó wà lára rẹ̀ níta kì í wọ inú. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí a kò so mọ́ ilẹ̀ dà bí gọ́tà tí ẹnu rẹ̀ dí: ohun tí ó gbà kò ríbi ṣàn lọ, yóò padà wọ inú ilé ni.

Ìpẹ̀kun kan ni kí a so ni, àbí méjèèjì? Bí kọ̀ǹpútà àti áńpílífáyà bá gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí ó jìnnà síra, ilẹ̀ tí a so wọ́n mọ́ lè má dọ́gba. Bí a bá so àwọ̀n ní ìpẹ̀kun méjèèjì, iná díẹ̀ yóò máa gba ara rẹ̀ kọjá, èyí yóò sì di ariwo. Nítorí náà, bí wáyà ohùn méjì bá wà nínú àwọ̀n, ìpẹ̀kun kan tó.

Ti ìgbì rédíò yàtọ̀. Ìgbì 100 megahertz gùn tó mítà 3. Àwọ̀n tí ó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tí a fi ìpẹ̀kun kan sílẹ̀ lófo, lè di áńtẹ́nà. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni a ń so níbẹ̀.

Àwọn kan a máa tú wáyà ilẹ̀ inú púlọ́ọ̀gì kí ariwo lè dákẹ́. Ó lè dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà iná bá já kan ara irin ẹ̀rọ, ẹni tí ó di makirofóònù mú ni iná yóò gba ara rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọ̀n ń dáàbò bo ohùn; wáyà ilẹ̀ inú púlọ́ọ̀gì ń dáàbò bo ẹ̀mí. Kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ méjèèjì ní iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.