Títún Ilé Bàbá Wa Ṣe Pẹ̀lú Owó Díẹ̀

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ṣe lè ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ láìná owó púpọ̀. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ilé wo ni a fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́? Ṣé ilé tuntun tí a ń kọ́ sí Lẹ́kí tàbí èyí tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni, àbí ilé tí a ti bí wa, tí ìyá wa àgbà ṣì ń sùn nínú rẹ̀ lónìí? Ilé ẹbí ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ni ó ń wó lọ lójú wa.

Oríṣi ilé àtijọ́ méjì ni ojú wa mọ̀ ní ìlú wa méjèèjì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Èkíní ni ilé alámọ̀ tí a fi páànù bò. Èkejì ni ilé tí a kọ́ ní ọ̀nà ti àwọn Àgùdà, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tí a sì fi òdòdó símẹ́ǹtì yí ojú fèrèsé rẹ̀ ká. Àwọn Àgùdà ni àwọn ènìyàn wa tí ó padà láti ilẹ̀ Bràsíìlì àti Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀gá ọ̀mọ̀lé ni púpọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní 1894. Iṣẹ́ wọn kò dúró ní Èkó nìkan, ó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ pàápàá mọ̀ bí ìlú yín àti Èkó ti so pọ̀ tó: Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ yín, nígbà tí wọ́n sì padà ní 1862, orúkọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé lọ sọ àdúgbò wọn, èyí tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.

Nísinsin yìí, ẹ wò ó bí nǹkan ti rí. Òrùlé ń jò, a kò tún un ṣe. Ògiri lanu, a ń wò ó. Nígbà tí ó bá ṣe, ẹnì kan nínú ẹbí a ní, ‘Ilé yìí ti gbó, ẹ jẹ́ kí a tà á.’ Oníbàárà kò sì ní wọ́n, nítorí láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté ọkọ̀ ńlá ti Lẹ́kí ní 2023, tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ojú ẹni tí ń wá ilẹ̀ rà kò kúrò ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú náà ń kún lójoojúmọ́. Ilé tí ó bá wó lónìí, ó ṣòro kí ó tó di ti ẹbí mọ́ lọ́la. Ìjọba pàápàá lè kọ ilé sínú ìwé, kí ilé náà sì wó síbẹ̀. Ní Tinúbú Square ní Èkó, ilé kan wà tí à ń pè ní Ilojo Bar, tí a kọ́ ní 1855. Ní 1956 ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2016 ni a wó o lulẹ̀. Bí ti ilé ńlá tí ó ní ìwé ìjọba bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gba ilé bàbá tiwa là bí kò ṣe àwa fúnra wa?

Ẹ̀rù owó ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rò pé àfi kí a ní owó tí ó tó kọ́ ilé tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń jẹ owó ni pé a kì í tò ó bí ó ti yẹ kí a tò ó. Òrùlé ni ó yẹ kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà omi ẹsẹ̀ ilé, lẹ́yìn náà ògiri, kí ọ̀ṣọ́ sì kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kun ọ̀dà sára ògiri nígbà tí òrùlé ṣì ń jò, yóò tún un kùn ní ọdún tí ń bọ̀.

Èkíní ni òrùlé. Ní agbègbè wa, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún máa rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì ni àkókò iṣẹ́ òrùlé, ìgbà náà gan-an sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi máa ń wá sílé. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà gun òkè, kí ó sì wo páànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìṣó ni omi ń gbà wọlé. Orí ibi tí páànù ti yọ sókè ni ó yẹ kí a kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà ṣàn, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ orí ìṣó. Páànù tí ó bá ti dípẹtà kọjá àtúnṣe ni kí a pààrọ̀. Bí ikán bá ti jẹ igi òrùlé, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ fi igi líle rọ́pò rẹ̀. Ìrókò àti òpèpè kò rọrùn fún ikán láti jẹ. Àfàrà dára fún àga àti tábìlì, ṣùgbọ́n láìsí òògùn ikán, kì í pẹ́ lókè òrùlé. Bí ilé bá ní àjà asbestos, ìyẹn pátákó tí ó dàbí símẹ́ǹtì, ẹ má ṣe fi ayùn gé e, ẹ má sì ha á ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Èkejì ni omi ní ẹsẹ̀ ilé. Ẹ ti rí ògiri alámọ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ bí eyín tí kòkòrò wọ̀. Omi tí ń já láti etí òrùlé, tí ó ń ta padà lu ògiri, ni ó jẹ ẹ́. Òògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ fa etí òrùlé síwájú díẹ̀, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí omi ń já sí, ẹ sì la ojú àgbàrá yí ilé ká kí ó dà sí gọ́tà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kó pàǹtí tàbí yẹ̀pẹ̀ jọ ti ara ògiri, nítorí ọ̀rinrin ni ó ń gbà wọlé. Ọkọ́ àti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni ó gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ògiri, níhìn-ín ni owó sì ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ rò pé bí a bá ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri alámọ̀, ọ̀làjú ti dé. Ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì le, amọ̀ rọ̀, wọn kì í fẹ̀ kí wọ́n sì sún kì bákan náà nígbà oòrùn àti òjò. Ọ̀rinrin tí ó bá wọ inú amọ̀ ní láti rí ọ̀nà jáde. Símẹ́ǹtì a dí i mọ́nú, amọ̀ inú a di ẹrẹ̀, nígbà tí ó bá yá, símẹ́ǹtì a ṣí bí èèpo, a sì fa ara ògiri lọ. Ilẹ̀ pupa tí a fi mọ ilé ni kí a fi tún un ṣe. Ẹ pò ó, ẹ jẹ́ kí ó rin fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i kí ó má baà là. Ẹ fi omi rin ògiri àtijọ́, kí ẹ rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí dunjú; àwọn ni ó máa ń pa ògiri àti ilẹ̀ ilé títí yóò fi máa dán. Bí ilé bá jẹ́ ti bulọ́ọ̀kù, símẹ́ǹtì dára fún un, òṣùwọ̀n kan sí iyanrìn mẹ́fà. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí a bá wà nínú ọ̀sà, ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá ní iyọ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn án dáadáa, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin, a sì máa yọ funfun lára ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú ilé amọ̀. Ní ìlú Djenné ní ilẹ̀ Màlì, mọ́sálásí ńlá kan wà tí a fi amọ̀ kọ́, tí a tún kọ́ ní 1907. Lọ́dọọdún ni ará ìlú ń jáde, tọmọdé tàgbà, láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, ọjọ́ náà sì ti di ọjọ́ ọdún fún wọn. Ní 1988, àjọ UNESCO kọ ìlú náà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Owó kọ́ ni ó gbé ilé yẹn ró, bí kò ṣe pé kò sí ọdún tí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, a dé orí ọ̀ṣọ́ wàyí. Ẹ dúró kí ògiri gbẹ tán, nítorí ọ̀dà tí a bá kùn sí ògiri tútù yóò wú, yóò sì ṣí. Fún ògiri alámọ̀, láìmù funfun ni ó yẹ ẹ́ jù, nítorí kò dí ọ̀rinrin mọ́nú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Fún ògiri bulọ́ọ̀kù, ẹ ṣírò kí ẹ tó ra ọ̀dà. Bí yàrá bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní 10, tí ó sì ga ní 9, ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 396. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan, 21, àti fèrèsé méjì, 24, yóò ku 351. Gálọ́ọ̀nù ọ̀dà olómi méjì onílítà mẹ́rin tó láti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì bí ògiri bá dán. Ẹni tí kò bá ṣírò fúnra rẹ̀, ọlọ́dà ni yóò bá a ṣírò. Àwọ̀ funfun tàbí èyí tí ó mọ́lẹ̀ a máa sọ yàrá kékeré di ńlá lójú. Bí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà elépo àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ rin ín, ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà, nítorí òjé wà nínú púpọ̀ nínú wọn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ní ti ohun èlò, ẹ má ṣe kó àga ńláńlá tí yóò dí fèrèsé wọ inú pálọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ láti ojú kan kí ó sì jáde ní òdìkejì. Ẹní tí a hun dáadáa, aṣọ àdìrẹ tí a fi ṣe kọ́tìnnì, ìkòkò amọ̀ tí a gbé sí igun yàrá, àti àga ìrókò bàbá wa tí a fi pépà ìgbo dán, gbogbo wọn ju ohun olówó gọbọi lọ fún ilé ẹbí. Ẹ gbé àwòrán àwọn àgbà tí ó ti lọ kọ́ sí ògiri gbígbẹ tí oòrùn kì í ràn sí, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ tán.

Owó ńkọ́? Àwọn bàbá wa ti fi ọ̀wẹ̀, àáró àti èsúsú sílẹ̀ fún wa. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí a kọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí ó kánjú jù ní òkè. Kí a béèrè iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta kí a tó rà. Kí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo láìsí ẹlẹ́rìí, kí ẹni tí ó wà nílé náà má ṣe ná kọ́bọ̀ láìkọ ọ́. Kí a san owó oníṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Ẹni tí kò ní owó, kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ wá. Kí a sì kọ iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí a ti kọ owó ẹlòmíràn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí gbogbo ẹbí fi ọwọ́ sí i pé ẹni tí ó tún òrùlé ṣe kò fi ra ilé. Àìsọ ọ̀rọ̀ kan yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń mú kí ọlọ́wọ́ fà sẹ́yìn, kí tálákà sì máa fura, tí ilé fi ń jò lé àwọn méjèèjì lórí.

N kò sọ pé kò sí ilé tí ó kọjá àtúnṣe. Bí ògiri bá ti tẹ̀, tàbí tí ó là láti òkè dé ìpìlẹ̀, ẹ kó àwọn ènìyàn jáde ní kíá, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ nípa ilé, kí ẹ sì fi tó LASBCA, ilé-iṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń bójú tó ilé kíkọ́, létí. Ẹ̀mí ènìyàn ju ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Ọ̀gá Alága. Kí ó tó di ọjọ́ tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ rán ẹnì kan gun òrùlé ilé bàbá wọn, kí wọ́n sì ṣí ìwé náà. Kí Ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ ẹbí kọ̀ọ̀kan ibi tí iṣẹ́ dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ìyá àgbà kan bá lè sùn ní òru òjò láìgbé abọ́ sábẹ́ òrùlé, ọ̀rọ̀ mi kò já sí asán. Kí Ọlọ́run bá wa tún ilé wa ṣe, kí ó sì mú gbogbo ará àjò bọ̀ wá bá ilé ní ìdúró. Àṣẹ.